Ìtọ́jú bárakú oògùn olóró láti ilé ẹni: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, London ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe. Láti ọdún 2019 ni mo ti ń mu methadone, oògùn tí dókítà fi ń tọ́jú bárakú heroin àti irú rẹ̀, lójoojúmọ́, nínú ilé mi, láàárín àwọn ọmọ mi. Ọjọ́ tí mo la ẹnu sọ ọ́ fún obìnrin méjì nínú ìjọ wa ni ìpè ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: ìyá ń pè nítorí ọmọ, ìyàwó ń pè nítorí ọkọ, ẹlòmíràn á ní “ọ̀rẹ́ mi kan ni”, èmi á sì mọ̀ pé ara rẹ̀ ló ń sọ. Ohun kan náà ni gbogbo wọn fẹ́ mọ̀, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà. Bí nǹkan ṣe rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo mọ̀ jù. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ilé, mo sọ ọ́.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìtọ́jú láti ilé ẹni?

Wọn ò ní tì yín mọ́ ibì kankan. Orí bẹ́ẹ̀dì yín lẹ ó ti jí, ẹ ó mú ọmọ lọ sí iléèwé, ẹ ó yà ní kẹ́míìsì àdúgbò mu oògùn yín, ẹ ó sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Wọ́n á yan ẹnì kan tí ẹ ó máa rí lọ́sẹ̀ méjì-méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti bójú tó ọ̀rọ̀ yín, dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó ń kọ oògùn náà á sì máa yẹ̀ yín wò. Láti ọdún 2013, ọwọ́ àwọn kọ́ńsílì ni iṣẹ́ yìí wà níbí. Ẹ ò ní sanwó láti rí wọn, ẹ ò sì nílò lẹ́tà dókítà kí ẹ tó lọ.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ọgbọ́n òyìnbó ni. Mo máa ń rán wọn létí Aro, l’Ábẹ́òkúta. Láti ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Ẹ̀gbá, ti ń fi àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn náà. Mọ̀lẹ́bí kan á bá aláìsàn wá, wọ́n á jọ máa gbé, wọ́n á jọ máa dáná, aláìsàn á sì máa lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Kì í ṣe bárakú oògùn olóró ló gbé ètò yẹn kalẹ̀ fún, ṣùgbọ́n ohun tí Lambo rí nígbà náà ni èmi náà rí lára mi: ó sàn kí ènìyàn máa gba ìtọ́jú láàárín èèyàn ju kí wọ́n tì í mọ́lé lọ.

Báwo ni obìnrin tí kò mu sìgá rí ṣe bá ara rẹ̀ nínú irú èyí?

Ẹ̀yìn ríro ló bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé arúgbó láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga nígbà mẹ́wàá lóòjọ́ mọ ohun tí mò ń wí. Mo ra co-codamol, oògùn ara ríro, ní kẹ́míìsì, èyí tí codeine miligíráàmù 8 wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ gàdàgbà pé ó lè di bárakú, pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni kí a fi lò ó. Mo rí i, mo kà á. Ṣùgbọ́n kẹ́míìsì márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi, mo sì ń yà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, kì í ṣe ẹ̀yìn ni mò ń lò ó fún mọ́. Tí mi ò bá ti lò ó, imú mi á máa ṣomi, inú á máa lọ́ mi, ẹsẹ̀ mi ò ní gbé jẹ́ẹ́ lóru. Mo bọ́ sórí tramadol tí mò ń rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan. Lọ́jọ́ kan, tramadol tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n fa èyí tó kù lọ́wọ́ òun. Heroin ni. Mi ò ní fi bò.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ má rò pé ìtàn ìlú òyìnbó ni. Ìwádìí tí NBS, àjọ ìṣirò Nàìjíríà, àti UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, gbé jáde lóṣù kìíní ọdún 2019 fi hàn pé láàárín ọdún kan péré, ènìyàn mílíọ̀nù 4.6 ní Nàìjíríà ló lo tramadol, codeine, morphine àti irú wọn, tí kì í ṣe pé dókítà ló ní kí wọ́n lò ó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá gan-an ni lílo oògùn olóró lápapọ̀ ti wọ́pọ̀ jù: nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ó lé ní 22 tó ti lò ó lọ́dún yẹn. Lóṣù karùn-ún ọdún 2018, ìjọba Nàìjíríà fòfin de síráàpù ikọ́ oní-codeine. Ó di oṣù kejì ọdún 2024 kí wọ́n tó kéde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí pé ẹnikẹ́ni ò ní lè ra irú síráàpù bẹ́ẹ̀ mọ́ láìsí ìwé dókítà.

Ṣé kì í ṣe pé ẹ fi oògùn kan rọ́pò òmíràn?

Ìbéèrè yìí ló máa ń dùn mí jù, torí àwọn tó fẹ́ràn mi ló máa ń bi mí.

Lóòótọ́, ẹbí kan náà ni methadone àti heroin. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Heroin á yára gùn ẹni, á sì yára sọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ti ń wá òmíràn kiri, ẹ ti purọ́ fún ọkọ, ẹ ti ná owó iléèwé ọmọ. Methadone máa ń pẹ́ lára. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ló tó, tí ìwọ̀n rẹ̀ bá sì ti ṣe déédéé, kì í gùn ẹni rárá: ara á kàn balẹ̀. Mo máa ń se ọbẹ̀, mo máa ń ka ìwé fún ọmọ, mo máa ń sùn. Bárakú, lójú tèmi, kì í ṣe pé ènìyàn ń lo nǹkan lójoojúmọ́. Ìyá mi ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́ fún ogún ọdún, kò sẹ́ni tó pè é ní bárakú. Ohun tó bá di ọ̀gá lórí ẹni, tó ń rán ẹni níṣẹ́ ìtìjú, ni bárakú. Methadone kò rán mi níṣẹ́ ìtìjú rí.

Kì í sì í ṣe àdábọwọ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni dókítà méjì, Vincent Dole àti Marie Nyswander, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́jú ènìyàn ní New York, ọdún 2005 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi methadone àti buprenorphine, oògùn mìíràn fún ìtọ́jú kan náà, sínú ìwé àwọn oògùn tó pọn dandan.

Báwo ni àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe rí?

Lọ́jọ́ tí mo lọ, mo kọ́kọ́ rìn kọjá ẹnu ọ̀nà wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi gèlè bo orí dé ojú bí ẹni tó ń sá fún gbèsè. Obìnrin tó gbà mí wọlé kò bèèrè pé kí ló dé tí mo fi ṣe é. Ó bèèrè bóyá mo ti jẹun. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ohun tí mò ń lò, iye rẹ̀, bí mo ṣe ń lò ó, ẹni tó wà nílé pẹ̀lú mi. Wọ́n gba ìtọ̀ mi wò.

Ìwọ̀n kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, láàárín miligíráàmù 10 sí 30 lóòjọ́. Wọ́n á máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ara wọn kì í balẹ̀ títí yóò fi dé láàárín 60 sí 120. Ìyẹn ni pé fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oògùn náà ò ní tó yín. Kò sẹ́ni tó la èyí yé mi dáadáa. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, òógùn bò mí, mo jókòó sórí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀, mo di fóònù mú, nọ́ńbà ọkùnrin yẹn ló wà lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ewu wà jù lọ. Methadone máa ń ṣẹ́ jọ sínú ara: ti àná ò tíì tán kí tòní tó wọlé. Ẹni tó bá tún fi heroin lé e, tàbí oògùn oorun, tàbí ọtí, lè sùn kó má jí mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yẹn ló ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Tó bá ń ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ ní kò tó. Wọ́n á fi kún un. Mo pè, wọ́n fi 10 kún un.

Ní kẹ́míìsì ńkọ́? Ṣé gbogbo ayé ni yóò máa wò mí?

Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró tini kí a tó gbé e mì. Oṣù mẹ́ta ló sábà máa ń tó. Wọ́n á bu síráàpù náà, tó sábà máa ń ní àwọ̀ ewé, sínú ife kékeré kan. Ẹ ó gbé e mì, wọ́n á bu omi síwájú yín, ẹ ó mu ún, wọ́n á sì bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀ láti rí i pé kò sí lẹ́nu yín mọ́. Ó korò, ó sì dùn, ó máa ń lẹ̀ mọ́ eyín. (Eyín: ẹ béèrè fún èyí tí kò ní ṣúgà, kí ẹ sì máa fọ ẹnu yín dáadáa. Ó máa ń mú kí ẹnu gbẹ, kí ìgbẹ́ má rọrùn, kí òógùn máa bọ́.)

Mo kọ́kọ́ lo kẹ́míìsì kan tí ọmọkùnrin kan fi pariwo “methadone!” láti ẹ̀yìn káńtà, bí ẹni tó ń kéde ọkọ̀ Ojúẹlẹ́gba. Obìnrin kan tí mo mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wà lẹ́yìn mi lórí ìlà. Mo mu ún, mo jáde, mi ò padà síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ìtìjú ọjọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi padà sídìí heroin. Nígbà tí mo sọ fún wọn níbi ìtọ́jú, wọ́n gbé ìwé mi lọ sí kẹ́míìsì mìíràn, nǹkan tí mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè béèrè fún. Ní ti èkejì, yàrá kékeré ni wọ́n ń pè mí sí, ọkùnrin ibẹ̀ sì mọ orúkọ ọmọ mi. Tó bá ti rí mi, á ní, “Ìdánwò ńkọ́?” Mi ò pa ọjọ́ kan jẹ níbẹ̀ fún oṣù mọ́kànlá. Tí ẹ bá bi mí ohun tó gbà mí là, mo lè ní oògùn náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bu oògùn náà wà níbẹ̀. Ẹ béèrè fún yàrá. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Nígbà tí Kòrónà dé lóṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n ní kí ọ̀pọ̀ wa máa gbé ti ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ sílé. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ayọ̀ ni. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fọkàn tán mi pẹ̀lú nǹkan kan.

Tí mo bá pa ọjọ́ kan jẹ ńkọ́?

Ẹ mu tọjọ́ kejì bó ṣe wà, ẹ má ṣe mu ìlọ́po méjì. Tó bá tó ọjọ́ mẹ́ta, kẹ́míìsì ò ní fún yín mọ́ títí wọ́n á fi bá àwọn tó ń tọ́jú yín sọ̀rọ̀. Ìyà kọ́ ni wọ́n fi ń jẹ yín. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ara ti ń gbàgbé, ìwọ̀n tó gbé yín dúró lánàá lè pa yín lónìí.

Buprenorphine ńkọ́?

Abẹ́ ahọ́n ni wọ́n ń fi í sí kó yọ́. Ó ṣòro kó dá èémí ẹni dúró bíi ti methadone, ó sì máa ń jẹ́ kí orí dá ju tèmi lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń lò ó ti ń sọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ dúró kí ìnira ti bẹ̀rẹ̀ lára yín kí ẹ tó lò ó, ó kéré tán wákàtí mẹ́fà sí méjìlá lẹ́yìn heroin. Ẹni tó bá kánjú á rí pupa ojú ara rẹ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ tún wà, ti ọ̀sẹ̀ kan tàbí ti oṣù kan. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà lórí ti oṣù kan ní ohun tó dùn mọ́ òun jù ni pé òun ti gbàgbé ojú ọ̀nà kẹ́míìsì.

Ìgbà wo lẹ máa wá bọ́ nínú rẹ̀?

Ìyá mi máa ń bi mí lọ́jọ́ọjọ́ Sunday. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni.

Mo kà nípa àkójọ ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2017. Nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó wà lórí methadone fún ọdún kan, nǹkan bíi 11 ló kú. Láàárín àwọn tó ti kúrò nínú ìtọ́jú, nǹkan bíi 36 ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ló sì burú jù, torí ara ti gbàgbé agbára oògùn, ọkàn ò tíì gbàgbé adùn rẹ̀. Ẹni tó bá padà fọwọ́ kan ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀, ó lè má tún un lò mọ́ láyé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹbí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fi ọjọ́ sí i fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má ní “kí ọdún tuntun tó dé” tàbí “kí ìgbéyàwó àbúrò rẹ tó kò”. Àwọn kan máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀ títí á fi tán, ó sì máa ń yọrí sí rere fún wọn. Àwọn kan á lò ó fún ogún ọdún, wọ́n á tọ́mọ, wọ́n á kọ́lé. Mo gbìyànjú àtidín in kù ní ọdún 2022 nítorí ọ̀rọ̀ ènìyàn. Nígbà tí mo dé miligíráàmù 35, oorun dá lójú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú ọ̀nà tí kò yẹ kí n gbà. Mo padà sí 70. Orí 70 ni mo wà títí di òní, ara mi sì balẹ̀.

Ṣé wọ́n máa gba àwọn ọmọ mi lọ́wọ́ mi?

Ẹ̀rù yìí ló jẹ́ kí n fi ọdún kan gbáko jókòó sílé. Wọ́n á béèrè nípa ọmọ, òótọ́ ni, torí ìlera ọmọ kan gbogbo ènìyàn. Tí wọ́n bá sì rí i pé ewu wà fún ọmọ, wọn ò ní dákẹ́. Ṣùgbọ́n pé ẹ ń gba ìtọ́jú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ ènìyàn. Ohun tí wọ́n fún èmi ni àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi gíga, kí ẹ sì tì í. Síráàpù tó ní àwọ̀ tó sì dùn ni. Ẹnu díẹ̀ nínú ti àgbàlagbà lè pa ọmọdé.

Mo lóyún. Ṣé kí n dá a dúró?

Rárá. Dídá a dúró lójijì lè ba oyún jẹ́. Ẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá mọ̀. Wọ́n á máa bójú tó yín nìṣó, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọmọ lẹ́yìn tí ẹ bá bímọ. Ọ̀pọ̀ ìyá tó wà lórí rẹ̀ ló ń fún ọmọ lọ́mú.

Ibi iṣẹ́ àti ọkọ̀ wíwà ńkọ́?

Wọn kì í pe ọ̀gá yín níbi iṣẹ́. Ní ti ọkọ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbọ́dọ̀ sọ fún DVLA, àjọ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ọkọ̀ wíwà.

Ààwẹ̀ ńkọ́, àti àdúrà?

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ lọ bá wọn kí Rámádáánì tó wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni methadone, ẹ lè mu ún lẹ́yìn ìṣínu. Kẹ́míìsì tó ti máa ń pa kí oòrùn tó wọ̀ ni ìṣòro, wọ́n sì lè ṣètò kí ẹ máa gbé e lọ sílé. Ẹ̀yin ará wa tó ń gba ààwẹ̀ gbígbẹ, bákan náà ni. Tí pásítọ̀ tàbí wòlíì bá ní kí ẹ da oògùn nù kí ẹ fi hàn pé ẹ nígbàgbọ́, ẹ gba àdúrà náà, kí ẹ sì mu oògùn yín. Mo bá pásítọ̀ tèmi sọ̀rọ̀; òun ló máa ń bi mí báyìí bóyá mo ti lọ.

Ẹni tó wà nílé wa sùn, kò jí, ó ń han-run lọ́nà tí kò dáa. Kí ni ká ṣe?

Ẹ pè é, ẹ fọwọ́ ra egungun àyà rẹ̀ kíkankíkan. Tí kò bá dáhùn, tí ẹyin ojú rẹ̀ ti kéré bí orí abẹ́rẹ́, tí èémí rẹ̀ ń já, ẹ pe 999 lójú ẹsẹ̀. Ara dúdú bíi tiwa kì í hàn ní àwọ̀ búlúù bí wọ́n ṣe ń sọ: ètè, erìgì àti èékánná ni kí ẹ wò, wọ́n á rí bí eérú. Ẹ fún un ní naloxone, oògùn tó ń já agbára heroin àti irú rẹ̀ lára, èyí tí wọ́n ń fọ́n sí imú tàbí tí wọ́n ń gún. Ibi ìtọ́jú máa ń fún aláìsàn àti ẹbí, wọn kì í béèrè ìwé dókítà. Tó bá ń mí, ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ dúró tì í. Tó bá tiẹ̀ jí, ẹ má jẹ́ kó lọ: naloxone máa ń tán lára kí methadone tó tán. Tèmi wà nínú dúrọ́ọ̀ kíṣíìnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣáná. Ọmọ mi àgbà mọ ibẹ̀.

Mo fẹ́ lọ sílé, wọ́n fẹ́ sin òkú. Báwo ni mo ṣe máa gbé e dání?

Ẹ sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú. Ẹ gba lẹ́tà tó ní orúkọ yín, ọjọ́ tí ẹ ń lọ àti ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, ìlú tí ẹ ń lọ, orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀ lóòjọ́ àti àpapọ̀ rẹ̀, kí ẹni tó kọ ọ́ fọwọ́ sí i. Oògùn oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Nàìjíríà ní London kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí òfin ilé lágbára lórí oògùn olóró. Inú ìgò tí kẹ́míìsì fi fún yín ni kí ó wà, nínú báàgì tí ẹ máa gbé wọ bàálù. Àwọn oògùn ibà kan wà tí kì í bá methadone rẹ́, torí wọ́n jọ ń da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Ẹ béèrè kí ẹ tó lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe lọ sin bàbá mi. Ní ìdájí ọjọ́ ìsìnkú, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bàbá mi, mo ń ṣí ìgò náà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wọlé. Mo ṣàlàyé. Ó wo ìgò, ó wò mí. Ó ní, “Ṣé òun ló jẹ́ kí o lè dé ibí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, “Mu ún kíá, wọ́n ti ń pè wá.”

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ pe FRANK, àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí oògùn olóró, ní 0300 123 6600, wọ́n á sọ ibi tó sún mọ́ yín jù. Nílé, NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ní nọ́ńbà tí wọn kì í gba owó ìpè lórí rẹ̀: 080010203040. Ilé ìwòsàn Aro náà ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú bárakú oògùn. Tí ẹ bá bá àwọn tó ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn ní orúkọ ìtọ́jú pàdé, ẹ mú ẹni yín kúrò níbẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá sì ṣòro sọ lórí fóònù, ẹ kọ ọ́ sórí bébà kí ẹ tó pè: ohun tí ẹ ń lò, iye rẹ̀, ìgbà tí ẹ lò ó kẹ́yìn. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Mo kà á fún wọn látinú bébà, ohùn mi ń gbọ̀n, wọ́n sì dúró títí mo fi kà á tán.